Bátìrì Abẹ́ Ibùsùn

Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù keje

Wọ́n ní mo ti ta bátìrì ọkọ̀ ọ̀gá mi. Gbogbo àdúgbò ló ti gbọ́, nítorí náà ẹni tó bá ṣí ìwé yìí lọ́jọ́ kan á ti gbọ́ pẹ̀lú. Irọ́ ni. Ní ọjọ́ Ẹtì, mo gbé bátìrì náà lé èjìká lọ sọ́dọ̀ Rewáyà kí ó lè bá mi fi iná sí i. Lánàá, mo gbé e padà. Ẹni tó rí mi nígbà tí mo ń lọ kò dúró kó rí mi nígbà tí mo ń bọ̀. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Dẹ́rẹ́bà Àná ló rí mi. Bí a ṣe ń pe bàbá ojúlé kejì nìyẹn, nítorí pé kò sí irú ọkọ̀ tí kò tíì wà rí, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe sọ, àmọ́ ẹsẹ̀ ló fi ń rìn lónìí. Òun náà ló kọ́ mi pé kí n máa ṣáná sí ọkọ̀ láràárọ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí bátìrì má baà sùn. Mo gbọ́ tirẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì mo yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ ṣe "tẹ́" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó dákẹ́.

Rewáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe ní ìkóríta fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àbúrò, garawa lo fi ń bù ú, ṣíbí lo fi ń dá a padà." Ó ní iná tí ọkọ̀ ń jẹ kó tó dìde pọ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ kò lè san án. Kí n wà á jìnnà tàbí kí n fi í sílẹ̀. Mi ò lè wà á. Ìdánwò ìwakọ̀ mi ti sún mọ́lé nígbà tí ọ̀gá já bọ́ lórí àkàbà, láti ìgbà yẹn ni gbogbo nǹkan sì ti dúró.

Ọkọ̀ yẹn ni a fi ń kọ́ àwọn ènìyàn ní ọkọ̀ wíwà. Bíréèkì méjì ló ní, ọ̀kan fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, ọ̀kan fún ọ̀gá. Bí ọ̀gá bá ti ilé ìwòsàn dé tí kò bá a nílẹ̀, kò ní iṣẹ́ kankan tó máa bá nílé. Nígbà tí wọ́n ń gbé e lọ, ohun tó sọ fún mi ni pé, "Má jẹ́ kó kú." Àwọn mìíràn rò pé ara òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ. Èmi mọ ohun tó ń sọ.

Àwọn tó gbà pé mi ò ta nǹkan kan: ìyàwó ọ̀gá, ìyá ọ̀gá, Rewáyà. Mẹ́ta.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá oṣù keje

Òjò. Gáréèjì ń jò lápá òsì. Mo gbé garawa sí i.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún oṣù keje

Bọ̀dá Táì wá. Àbúrò ọ̀gá ni, táì kì í sì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, ìbáà jẹ́ ọjọ́ ìsinmi. Mi ò ní bú u. Òun ló ń gbé bùkátà ilé ìwòsàn ọ̀gá nílùú ńlá lọ́hùn-ún, kì í sì í sọ ọ́ síta. Ó wọ inú ọkọ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ kò wí nǹkan kan. Kódà iná kékeré iwájú sítíárín kò tàn.

Bátìrì tí mo gbé bọ̀ láìpẹ́ yìí, tó kún dẹ́múdẹ́mú. Mo dúró bí ẹni tí wọ́n gbá létí.

Kò pariwo. Ó ní ọkọ̀ tí kò bá ti lè fọhùn, irin ni, irin sì ní àwọn tó ń rà á. Ó ní ṣe ni ọkọ̀ yìí ń jẹrà lójú wa, ó sàn ká tà á nígbà tó ṣì níye lórí. Ìyá bẹ̀ ẹ́. Ó wá gbà pé òun á padà wá ní Àbámẹ́ta tó kẹ́yìn oṣù kẹsàn-án, òun àti ẹni tó fẹ́ rà á. Bí ọkọ̀ bá dáhùn lọ́jọ́ yẹn, òun á fi í sílẹ̀ de ẹ̀gbọ́n òun. Bí kò bá dáhùn, kí ẹnikẹ́ni má bá òun jà. Ojú Ìyá ló ti sọ ọ́, kò sì lè yí i padà mọ́.

Nígbà tó lọ tán, ìyàwó ọ̀gá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó bi mí bóyá mo máa ń gbé ọkọ̀ jáde tí òun bá lọ síbi iṣẹ́. Mo ní rárá. Ó ní kí n má bínú pé òun béèrè. Mo bínú.

Méjì.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù keje

Rewáyà fi iná sí bátìrì, ó gbé e sórí tábìlì rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé láìso ó mọ́ nǹkan kan. Lónìí ó wọ̀n ọ́ wò. Kò lọ sílẹ̀ rárá.

Ó ní, "Bátìrì rẹ kì í ṣe ọ̀lẹ, Àbúrò. Ẹnì kan ló ń bá a jẹun."

Ó ní tí mo bá gbé e padà sínú ọkọ̀, kí n yọ wáyà dúdú kúrò lórí rẹ̀, nǹkan kan ò ní lè fa iná rẹ̀ mọ́. Mo ní rárá, mo fẹ́ mọ ẹni tó ń jẹ ẹ́ ná. Ó ní agídí mi le ju irin lọ. Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Olóríkunkun ni wọ́n ń pè mí láti ilé ìwé abúlé, tíṣà ló sì fún mi lórúkọ náà.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹta oṣù kẹjọ

Òjò lé wa kúrò níbi iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù yíyọ tí mo ń ṣe, mo délé ṣáájú àsìkò. Ilẹ̀kùn gáréèjì ṣí díẹ̀. Mo mú igi kan, mo sì yọ́ wọlé.

Ìyá ni mo bá nínú ọkọ̀. Ó jókòó síbi tí ọ̀gá máa ń jókòó sí tó bá ń kọ́ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà nílẹ̀, ilẹ̀kùn ọkọ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, iná òrùlé ọkọ̀ sì ń tàn sí i lórí. Ó ń tòògbé. Mo ju igi náà sẹ́yìn, àmọ́ ojú rẹ̀ ti là.

"Ṣé èmi lo fẹ́ fi ìyẹn lù?"

Mo ní rárá mà, olè ni.

"Ó dáa. Olè náà ti dàgbà."

Ó sọ fún mi pé ojoojúmọ́ lòun ń wá síbẹ̀ tí gbogbo wa bá ti jáde. Ó ní ìjókòó náà ṣì mọ ìdí ọmọ òun, ó ti tẹ̀ síbi tó máa ń tẹ̀ sí. Kì í ti ilẹ̀kùn nítorí pé ọwọ́ ilẹ̀kùn náà le láti inú, ẹ̀rù sì ń bà á kó má lọ há mọ́ ibẹ̀. Àti pé bí òun bá ti ṣí i báyìí ni iná á tàn, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń kí òun káàbọ̀.

Mo sọ ohun tí iná yẹn ń ṣe fún bátìrì fún un. Ó wo iná náà.

"Má sọ fún wọn. Wọ́n á ní orí mi ti ń dàrú. Oní-táì yẹn á gbé mi lọ sí ilé rẹ̀ tí fèrèsé kì í ṣí, wọ́n á máa bi mí láràárọ̀ bóyá mo mọ orúkọ ara mi."

Mo ní mi ò ní sọ. Mi ò búra. Mo kàn ní mi ò ní sọ. Ó wà lẹ́nu mi láti ní kó má jókòó síbẹ̀ mọ́, àmọ́ mo gbé e mì. Ẹni tó bá lé e kúrò níbẹ̀, ibo ló fẹ́ kó lọ jókòó sí?

Ẹtì, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹjọ

Mo yọ bátìrì kúrò nínú ọkọ̀ pátápátá. Wáyà dúdú lẹ́yọ kan ìbá tó, àmọ́ ibi tí gáréèjì ti ń jò ti ń sún mọ́ bónẹ́ẹ̀tì. Abẹ́ ibùsùn mi ló wà báyìí, lórí pákó. Dẹ́rẹ́bà Àná máa ń sọ pé bátìrì tó bá jókòó sórí sìmẹ́ńtì, sìmẹ́ńtì á fa ẹ̀mí rẹ̀ mu. Rewáyà ní ọ̀rọ̀ ayé àtijọ́ nìyẹn, pé ike tí wọ́n fi ń ṣe bátìrì òde òní kò bẹ̀rù ilẹ̀. Mo gbà pẹ̀lú Rewáyà. Pákó náà wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Rewáyà ní n kò gbọdọ̀ fi iná sí i nínú yàrá tí mo ń sùn, atẹ́gùn tó ń jáde lára rẹ̀ nígbà yẹn kò dáa, iná ìṣáná kan lè mú un bú gbàmù. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni màá ti máa fi iná sí i.

Àìkú, ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ

Ìyá pè mí lẹ́yìn tí wọ́n jẹun tán. Ó rọra ní òun ṣí ilẹ̀kùn, ẹnikẹ́ni ò kí òun. Mo ní bátìrì kò sí ńbẹ̀ mọ́, mà. Ó ní òun mọ̀, òun kàn ń sọ ni.

Ajé, ọjọ́ keje oṣù kẹjọ

Mo ra tọ́ọ̀ṣì kékeré kan, mo fi okùn so ó mọ́ dígí àárín inú ọkọ̀. Ìyá tẹ̀ ẹ́, ó tàn. Ó ní kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀, èyí kì í kí ènìyàn àfi tí ènìyàn bá kọ́kọ́ kí i. Àmọ́ ó ń lò ó.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹjọ

Òjò kò dá láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. A ò yọ búlọ́ọ̀kù. Mo yẹ bátìrì wò. Nǹkan funfun bíi lẹ́búlẹ́bú ti hù sí orí rẹ̀ méjèèjì. Mo fi omi gbígbóná àti búrọ́ọ̀ṣì eyín mi àtijọ́ fọ̀ ọ́, mo nù ún gbẹ, mo fi gíríìsì pa á. Omi inú rẹ̀ lọ sílẹ̀ díẹ̀. Omi bátìrì ti gbówó lórí. Ẹni tó ń tà á ní kí n lọ gbé igbá sábẹ́ òjò bí mo bá rò pé omi ni gbogbo omi. Mo rà á.

Mo wá gílóòbù iná iwájú ọkọ̀ kan tó ti gbó, mo so wáyà méjì mọ́ ọn. Bí mo bá fi kan bátìrì tí ó tàn funfun, ó ti yó. Bí ó bá pọ́n, ebi ń pa á. Lónìí ó funfun débi tó dun ojú.

Ajé, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ

Mo gbé bátìrì lọ sọ́dọ̀ Rewáyà, kó fi iná díẹ̀ kún un. Ọ̀nà yẹn nìkan ló wà, ẹnu ọ̀nà Dẹ́rẹ́bà Àná sì ni ó gbà kọjá.

Nígbà tí mo dé láti ibi iṣẹ́ nírọ̀lẹ́, òun àti ìyàwó ọ̀gá ti ṣí bónẹ́ẹ̀tì. Ihò tí bátìrì ti kúrò ni wọ́n ń wò bí ẹni ń wo eyín tó ká. Mo ní ó wà lọ́dọ̀ Rewáyà, àti pé abẹ́ ibùsùn mi ló ń gbé. Dẹ́rẹ́bà Àná ní òun ti wa ọkọ̀ fún ogójì ọdún, òun ò rí ibi tí bátìrì ti ń sùn lábẹ́ ibùsùn rí, àfi tí ó bá ní ọkọ mìíràn níta. Ọ̀rọ̀ tó lọ yí àdúgbò ká nìyẹn: mi ò tà á o, mo kàn ń fi yá àwọn awakọ̀ ni.

Ìyàwó ọ̀gá bi mí pé kí ló dé tí mo fi yọ ọ́. Ìyá dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó di férémù ilẹ̀kùn mú.

Mo ní, "Bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀ nìyẹn, Àǹtí."

Ó ní, "Ìyẹn nìkan?"

Mo ní ìyẹn nìkan. Ó nawọ́, ó gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ mi. Kò pariwo, kò bú mi. Ìbá sàn kó bú mi.

Ìyá kò gbèjà mi. Ó ku ẹnì kan, Rewáyà.

Ẹtì, ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án

Mo lọ gbé bátìrì. Rewáyà ń ti ṣọ́ọ̀bù. Àbúrò ìyá rẹ̀ kú, ó ń lọ sí abúlé wọn, kò sì mọ ọjọ́ tí òun á dé. Ó ní ó ti kún, kí n gbé e lọ.

Mo fẹ́ kọ iye àwọn tó kù sílẹ̀, mo sì rí i pé òdo ni màá kọ. Mi ò kọ ọ́. Ẹni tó bá ń ka àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀yìn ló ń wò, bátìrì kò sì sí lẹ́yìn mi. Mi ò kà wọ́n mọ́.

Àìkú, ọjọ́ kẹta oṣù kẹsàn-án

Ọ̀gá pè sórí fóònù ìyàwó rẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé e fún mi. Ohùn rẹ̀ ti tín-ín-rín.

"Ṣé ó ń mí?"

"Ó ń mí, sà."

Kò béèrè nǹkan mìíràn nípa rẹ̀. Ó ní wọ́n ti gbé òun dìde. Ẹsẹ̀ kan gbọ́ràn, ìkejì ń ṣagídí bíi tèmi. Ó rẹ́rìn-ín, ó wúkọ́, ó ní kí n dá fóònù padà. Ìyàwó ọ̀gá wò mí pẹ́ nígbà tó gbà á. Kò dá kọ́kọ́rọ́ padà.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹsàn-án

Gílóòbù funfun. Rewáyà kò tíì dé.

Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹsàn-án

Gílóòbù ti ń pọ́n díẹ̀ létí. Ó lè jẹ́ ojú mi.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹsàn-án

Rewáyà dé lánàá, ó ti rù. Mo kí i kú ìsìnkú. Kí n tó sọ ohun tó gbé mi wá, ó ti gba bátìrì lọ́wọ́ mi. Ó so ó mọ́ iná ní gbogbo ọ̀sán, ó jókòó tì í bí ẹni ń ṣọ́ ìkòkò. Nírọ̀lẹ́ ó ní kí n gbé e lọ, pé bátìrì ò ní wàhálà. Ó wá bi mí nípa epo inú ọkọ̀. Ó ti pẹ́ níbẹ̀ jù. Ẹ̀rọ lè kọ̀ ọ́. N kò ronú kan epo rí.

Ẹtì, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹsàn-án

Wọ́n wá lónìí dípò ọ̀la. Ẹni tó fẹ́ rà á ní òun ń rìnrìn àjò.

Ibi iṣẹ́ ni mo wà. Dẹ́rẹ́bà Àná ló sáré wá pè mí, bàbá tí kì í rìn kọjá ojúlé kẹta. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ní, "Olóríkunkun, wọ́n ti dé o. Ó ti yí kọ́kọ́rọ́, kò dáhùn." Mo béèrè bóyá ó sọ fún wọn pé bátìrì kò sí nínú rẹ̀. Ó ní òun sọ ọ́, ìyẹn gan-an ló bà á jẹ́.

Bọ̀dá Táì dúró nínú gáréèjì, bónẹ́ẹ̀tì ṣí. Ẹni tó fẹ́ rà á ti ń fi ẹsẹ̀ gbá táyà wò. Mi ò kí ẹnikẹ́ni, èyí tí kò dáa. Mo wọ yàrá mi, mo fà á jáde, mo gbé e wá. Bọ̀dá Táì ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún òun nípa mi, òun ò fẹ́ gbà á gbọ́ tẹ́lẹ̀. Ó ní kí ni bátìrì ń wá nínú yàrá mi?

Mo ní, "Bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀ nìyẹn, sà."

Ìyá ní, "Irọ́ ni."

Ó rìn wá láti ẹnu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ lé orí ọkọ̀. Ó ní, "Èmi ni mo pa bátìrì yẹn. Inú ọkọ̀ yìí ni mo ti máa ń dúró de ẹ̀gbọ́n rẹ, ilẹ̀kùn á ṣí, iná á máa tàn. Ọmọ yìí rí mi. Mo ní kó má sọ, kò sì sọ. Ó yọ ọ́ kí n lè máa rí ibi jókòó. Bí orí mi bá ti dàrú, ẹ wí."

Bọ̀dá Táì wo tọ́ọ̀ṣì tó ń fì lára dígí. Ó tú táì rẹ̀ díẹ̀. Mi ò tíì rí i kó ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Òjò tún bẹ̀rẹ̀. Irin tó ń gbé bónẹ́ẹ̀tì dúró ti ṣẹ́, Dẹ́rẹ́bà Àná ló fi orí àti ọwọ́ méjèèjì gbé e sókè. Ìyàwó ọ̀gá bu omi gbígbóná wá láìjẹ́ pé mo béèrè, ó fọ orí wáyà méjèèjì fúnra rẹ̀. Ẹnì kan na agboòrùn bò mí lórí níbi tó ń jò. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni mo rí, mi ò wẹ̀yìn. Mo di wáyà pupa, mo di dúdú. Ìyàwó ọ̀gá fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́, kò fún Bọ̀dá Táì.

Mo yí i. Ó yí, ó yí, kò ṣáná. Epo. Mo dúró. Ẹni tó fẹ́ rà á ní ẹ̀ẹ̀kan ni àdéhùn. Bọ̀dá Táì ní kó dákẹ́ ẹnu rẹ̀. Mo yí i lẹ́ẹ̀kejì, ó wúkọ́ bíi ti ọ̀gá lórí fóònù. Lẹ́ẹ̀kẹta ó dìde, èéfín dúdú gba gbogbo gáréèjì, a bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, kò sì sí ẹni tó jáde.

Bọ̀dá Táì bẹ ẹni tó fẹ́ rà á pé kó má bínú. Kó tó lọ, ó béèrè lọ́wọ́ Ìyá bóyá yóò fẹ́ wá lo ọjọ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ òun. Ìyá ní, "Ṣé fèrèsé rẹ ti ń ṣí?"

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹwàá

Oòrùn. Ọ̀gá dé.

Bọ̀dá Táì ló gbé e wá. Ọ̀pá méjì wà lábẹ́ apá rẹ̀, ó ti fúyẹ́ gan-an. Kò wọlé. Gáréèjì ló gbà lọ tààrà. Mo ti so bátìrì mọ́ ọkọ̀ láti àárọ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn apá ibi tí ó máa ń jókòó sí, ó ṣubú sórí ìjókòó náà, ó gbé ẹsẹ̀ tó ń ṣagídí wọlé pẹ̀lú ọwọ́. Ó wá fi ẹsẹ̀ tó gbọ́ràn tẹ bíréèkì tirẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́.

Ó ní, "Ṣebí ẹsẹ̀ kan náà ni mo fi ń kọ́ yín látọjọ́ yìí."

Àwa tí a ti ń rò ó bóyá á tún lè kọ́ni láti ìgbà tó já bọ́, kò sí ẹni tó rò ó débẹ̀.

Ó béèrè ẹni tó so tọ́ọ̀ṣì mọ́ dígí òun. Bọ̀dá Táì ń wo bàtà rẹ̀. Ìyá ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, iná òrùlé sì tàn. Ó wò ó, ó mi orí sí i bí ẹni tó dáhùn ìkíni, ó jókòó.

Ọ̀gá ní, "Olóríkunkun, wọlé. Ìdánwò rẹ ti pẹ́ jù."

Mo jókòó sídìí sítíárín. Mo fi ọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́. Mo wo dígí. Ẹsẹ̀ Ìyá kan ṣì wà nílẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí gbayawu, iná ń tàn.

Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ilẹ̀kùn dé."